Owó Òkúta Iwájú Ilé

Ó ti rẹ Sìdíkátù. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó tó lọ, àárẹ̀ tó ti wọ egungun ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì Bàbá Sódìq, ọkọ rẹ̀, òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e kọjá ẹrọ̀fọ̀ iwájú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sí ọsibítù ní Ìgándò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Bàrúwà, àdúgbò wọn, lásìkò òjò, ẹ ò ní bi mí pé irú ẹrọ̀fọ̀ wo ni. Kò sí mọ́tò tó lè wọnú ọgbà wọn kí táyà ẹ̀ má rì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá, ẹnu géètì ló ń dúró sí. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọn bàbá náà sí, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe bíríkìlà, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mọ ilé yẹn látìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ojú ń tì í, ìyàwó ló sì ń fi ìtìjú ọ̀hún kanra mọ́.

"Rọra! Àbí o fẹ́ pa mí ni?" á pariwo.

"Tí mo bá fẹ́ pa yín, ṣé mi ò bá ti pa yín látèṣí?" Sìdíkátù á dáhùn. Wọ́n á wá jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí ò dénú.

Ìdí nìyẹn tí Sódìq, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, fi yá owó níbi iṣẹ́, pé kí wọ́n fi tẹ́ òkúta ìńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà, kí mọ́tò lè máa wọlé wá gbé bàbá òun. Wọ́n pe Charles, agbaṣẹ́ṣe kan ní àdúgbò Command, ó wá wọn ilẹ̀, ó ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà. Sìdíkátù di orí mú. Ohun tó sì tún wá burú ni pé kí wọ́n tó ra òkúta tán, sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí. Kí wọ́n tó já yanrìn, onítipa ní òun ò gba iye àná mọ́. Ṣé Èkó náà kọ́! Iye tí wọ́n bá pe nǹkan láàárọ̀, ẹ má retí ẹ̀ lálẹ́.

"Màmi, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ o," ni Sódìq wí lórí fóònù. "Ẹ sọ fún Charles kó fi èyí tó wà nílẹ̀ parí ẹ̀."

Charles gbà. Ó ní tí òun bá ti rí ibi gbẹ́ kòtò tí omi òjò á máa wọlẹ̀ sí, ó ti bùṣe. Abẹ́ fèrèsé yàrá Sìdíkátù nilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Inú Sìdíkátù dùn fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó pe Táyéwò, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Shasha, kó bá wọn yọ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ bá wa dúpẹ́ o. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ iwájú ilé."

"Alihamudulilahi, ìyàwó. Apá ibo ni wọ́n ń gbẹ́?"

"Kòtò omi ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ báyìí, lábẹ́ fèrèsé wa."

Fóònù kú.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kadà kan fi já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ wo Bàbá kékeré tí kì í jáde láìdé fìlà, orí ló gbé wá lófìfo, sálúbàtà ilé ìwẹ̀ ló sì wọ̀. Kò kí ẹnì kankan. Ó lọ bá Charles tààrà, ó já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Dí i padà! Má gbẹ́ ibí mọ́!"

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ibí lomi ń dà sí."

"Mo ní kó o dí i! Kànga àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Tó bá já, á gbé ẹ mì."

Charles họ orí. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfi kí àwọn gbé gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, kí omi lè máa ṣàn jáde lọ sínú gọ́tà títì. Ìyẹn, yanrìn tipa méjì, búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ló máa lé e.

"Yéè!" Sìdíkátù ké. "Bàbá kékeré, kànga wo lẹ ń wí? Ìgbà tí ibí jẹ́ yàrá kan ṣoṣo láàárín igbó ni mo ti wà níbí. Orí mi ni mo fi ń ru omi láti..."

Ó ti rí ohun tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ń fi ṣọ́bìrì rọra da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò, kò sì jẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin. Ilẹ̀ yẹn ló ń wò.

Ọkàn Sìdíkátù lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí wọ́n tó bí Sódìq, wọ́n ti kọ́kọ́ bí Aasiyah. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, wọn kì í fi ibi tí wọ́n sin ọmọ sí han ìyá tàbí bàbá tó bí i. Àwọn obìnrin àdúgbò mú Sìdíkátù lọ sílé wọn, wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìkòtún kó má baà wà níbẹ̀. Bàbá kékeré àti lèmọ́mù ló ṣe ohun tó kù. Kò béèrè láti ọjọ́ náà. Ohun tó gbà lọ́kàn ni pé inú igbó tó wà lápá odò ni wọ́n gbé e lọ. Igbó yẹn ti di ilé alájà méjì báyìí, kì í sì í kọjá níwájú ẹ̀ láìṣe àdúà sínú. Gbogbo àdúà yẹn, ilé onílé ló ń wọ̀!

Ó wá yé e ìdí tí Bàbá kékeré, látijọ́ tó ti ń wá kí wọn, fi máa ń fara ti ògiri apá kejì wọlé. Òun a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń rìn bí ajigbèsè. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni Sìdíkátù ti ń fọṣọ. Ibẹ̀ ló ń da omi ọṣẹ sí. Aṣọ tí ọkọ rẹ̀ bá sì tọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni. Mo ti pa ara mi, ó ní nínú ọkàn rẹ̀, omi ìdọ̀tí ni mo ń dà sí ọmọ mi lára.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Bàbá Sódìq pariwo láti orí àga ní fàráńdà. "Kànga wo?"

Dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ ohun tó lè já bàbá náà láyà. Sìdíkátù fi gèlè nu ojú.

"Òótọ́ ni, Bàbá Sódìq. Èmi ni mo gbàgbé. Àwọn tó ta ilẹ̀ fún wa ló gbẹ́ ẹ."

Ìgbà yẹn ni Bàbá kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó lójú.

Ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù méjì tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà tí ara dá ni Sìdíkátù kó lọ tà ní Ìkòtún. Nígbà tí Sódìq gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. "Torí ọ̀rọ̀ Bàbá kékeré lẹ ṣe ta góòlù yín? Ẹni tó fẹ́ràn kó máa da nǹkan rú!"

"Ó rẹ̀ mí, Sódìq," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, jàre."

Charles parí iṣẹ́. Òkúta náà dán, ó tẹ́ rẹrẹ. Abẹ́ fèrèsé nìkan ni Sìdíkátù ní kò gbọ́dọ̀ fi òkúta kàn. Charles mọ búlọ́ọ̀kù yí i ká, ó fi yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìyá yìí sú òun.

Lọ́jọ́ ọsibítù, mọ́tò wọlé dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Bàbá Sódìq fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, Sìdíkátù di apá kejì mú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni ò pọ̀n ọ́n. Ó dúró, ó fi ojú bíríkìlà wo iṣẹ́ náà yí ká, ó mi orí. "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló tẹjú mọ́. Kò gbé ojú kúrò títí awakọ̀ fi fọn fèrè.

"Sìdí," ó pè é. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Èmi ni mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yìí. Kò sí kànga kankan níbẹ̀."

Sìdíkátù ò lè purọ́ mọ́. "Mo mọ̀."

"Ṣé Táyéwò sọ fún ẹ ni?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Omi ń dà lójú ẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi nù ún. "Mú mi débẹ̀."

"Ọsibítù ńkọ́?"

"Mú mi débẹ̀, Sìdí."

Wọ́n rìn ín díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta tuntun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bàbá náà ò lè bẹ̀rẹ̀. Sìdíkátù ló kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé yẹ̀pẹ̀.

"Salamu alekun, Aasiyah," ni Bàbá Sódìq wí. "Àwa rèé. Má bínú pé a pẹ́ ká tó dé."