Àwo Omi Ẹfun Fàthíà

Èmi Jẹ̀mílátù, kíláàsì kejì ni mo ti sá nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọmọ ọmọ mi, Fàthíà, tó ń kọ́ nípa afẹ́fẹ́ ní yunifásítì!

Nígbà tó wálé sí Ìbèrèkó, ó ní kí n bá òun sun ìkarahun. Èmi tí wọ́n bí sí Gberefu, tí òkun ń tú ìkarahun sí ẹsẹ̀ wa! Mo sun ún títí ó fi funfun, tó ń fọ́ lọ́wọ́. Fàthíà da omi sí i, ó jẹ́ kó tòrò, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó pè é ní omi ẹfun. Ó mọ́ gaara.

"Ìyá àgbà, ẹ fi sítíróò yìí fẹ́ èémí sí i."

Mo fẹ́ ẹ. Omi náà funfun bí omidùn ògì!

"Kábọ́ọ̀nù dáyọksáìdì ló sọ ọ́ di funfun, òun là ń mí síta. Kò lóòórùn, àmọ́ tó bá pọ̀ níbi kan, ó ń pani."

Orúkọ náà gùn ju okùn kànga lọ. Mo sáà pè é ní èémí tí ò lóòórùn, mo fi ṣe orin.

Lọ́jọ́ kejì, Gbádéyan agbẹ́kànga wá kó ìdọ̀tí inú kànga ẹ̀yìnkùlé wa, tí a ti dé pa láti ọdún mẹ́ta. Ewé ti jẹrà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń kánjú, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Àwọn bàbá wa kì í wọ kànga àtijọ́ láì kọ́kọ́ sọ àtùpà sísàlẹ̀. Bí iná bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Gbádéyan náà ṣe é: ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ okùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tàn rokoṣo.

"Màmá, iná ò kú. Afẹ́fẹ́ dáa."

Fàthíà pariwo. "Bọ̀dá, ẹ dúró! Tọ́ọ̀ṣì kì í mí o! Ẹ dé e mọ́ inú ìkòkò, á ṣì máa tàn. Ewé tó jẹrà ń tú èémí tó ń pani jáde."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ọmọ yunifásítì. Ogún ọdún ni mo ti ń wọ kànga."

Ó so okùn mọ́ ìdí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga. Ni mo bá jókòó pẹ̀kẹ̀ lé okùn ìdí rẹ̀.

"Tóo bá lágbára, gbé mi."

Fàthíà bu omi ẹfun sáwo méjì. Ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi okùn sọ èkejì sísàlẹ̀. Bí a ti ń dúró, mo ń kọrin:

*Òkun ló nìkarahun o,*
*Àwa la lẹfun.*
*Èémí tí ò lóòórùn,*
*Àwo mi á tú ọ fó!*

Ó fà á sókè. Èèpá funfun ti bo ojú omi náà! Ti ẹ̀gbẹ́ mi ṣì mọ́ gaara. Ó tan àbẹ́là, ó sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tó fi kú pii.

Gbádéyan rọra tú okùn ìdí rẹ̀.

A so imọ̀ àgbọn mọ́ okùn, a ń fà á sókè sódò láti fi fẹ́ kànga náà, títí wọ́n fi pe ìrun àìlà lọ́sàn-án. Fàthíà tún sọ àwo tuntun sísàlẹ̀. Ó mọ́ gaara. Àbẹ́là náà ò kú. Ìgbà yẹn ni Gbádéyan tó wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ kùn ún dé imú nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wo Fàthíà, ọmọ tí ó tó bí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi ẹfun yẹn sígò. Kànga méjì ṣì wà níwájú mi lọ́la."

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu pẹ̀lú àpò ńlá méjì láti lọ ṣa ìkarahun. Gbogbo ẹni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìkarahun ṣe, orin ni mo fi dá a lóhùn.