R, Rìn, D, Dúró

Bàbá Ṣọlá, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lálàá pé mo tún lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, èyí tí mo ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ́tò ni ọkọ̀ náà, irú èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, mo sì kà wọ́n sókè: "P, Padà. R, Rìn. N, Ní sùúrù. D, Dúró."

Ọ̀gá tó ń dán mi wò bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yìn ni R ń lọ."

Mo ní, "Lọ́dọ̀ ta ni?" Mo fà á sí R, ọkọ̀ gbéra síwájú, ó gba inú ilé ìdáná wa kọjá, ìkòkò kan ò sì dà nù. Mo fà á sí D. Ọkọ̀ dúró, ó ká táyà iwájú méjèèjì sábẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ìyàwó tuntun.

Ọ̀gá ní, "Ẹ ti fìdí rẹmi. Ẹ bọ́ sílẹ̀."

"N ò bọ́ sílẹ̀! Ọkọ̀ gbọ́ Yorùbá, ìwọ lo ò gbọ́!"

Ó nawọ́ sí jíà. Mo di jíà náà mú, mo fi gbogbo agbára tì í, mo ń pariwo, "Rìn! Rìn!" Ìgbà tí mo lajú, orúnkún yín ni mo dì mú.