Àwọn Yàrá Tí Arlys Tì

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Norval, Arlys ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, ó tún ti yàrá tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń tún rédíò ṣe, ó sì kó sórí àga gígùn ní pálọ̀. Kó tó jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ó pa ihò ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ooru ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbà wọlé dé. Ta ló fẹ́ máa yáná níbẹ̀? Ó wá wọ́ àga náà ti ògiri kejì, kó lè kẹ́yìn sí fèrèsé. Oko àlìkámà ni fèrèsé yẹn kọjú sí, oko yẹn ni Norval ṣubú sí nígbà ìkórè.

Ó ń jẹun. Ó ń fọ abọ́. Bí a bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní ẹ ṣé. Kò sunkún, kò sì bínú. Ṣe ló dà bíi pé ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà tí yìnyín ti bo ọgbà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Á bú gbàù, á fẹ́ ooru díẹ̀, á dákẹ́. Kò ní pẹ́ tí á tún bú. Báyìí ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Arlys ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ajá tó ń gbó ládùúgbò kejì. Ó kàn wọ kóòtù sínú ilé ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Gaylen, ẹ̀gbọ́n Norval, àti Idella ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀dùnkún àti ẹran tí wọ́n yan pọ̀ wá fún un. Idella ò bọ́ kóòtù rẹ̀.

“Arlys, ṣé inú fíríìjì lo ń gbé ni?”

“Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́.”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Gbọ́ ọ, ó tún ti dákẹ́! Bí Gaylen ṣe ń gbá gàráàjì gan-an ló ń ṣe. Á bẹ̀rẹ̀, á jókòó.”

“Mo ń gbọ́ o,” Gaylen ní, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Nígbà tó gòkè padà, ó ń nu ọwọ́.

“Asẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Norval ló pààrọ̀ ẹ̀ kó tó…” Ó wúkọ́. “Ooru ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kò rí ibi gbà jáde. Tó bá ti gbóná jù, ó máa ń pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Tó bá tutù díẹ̀, á tún tan. Ṣé o dí ibì kan ni?”

Arlys fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn ilẹ̀kùn.

“Àga yìí náà ńkọ́? Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fa atẹ́gùn lo fi dí.”

“Mi ò fẹ́ máa wo oko.”

Gaylen jókòó. “Èmi náà ò gba ọ̀nà oko yẹn mọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbà.”

Idella yíjú sí i. “O ní wọn ò tíì kó yìnyín ọ̀nà yẹn ni.”

“Mo mọ ohun tí mo sọ.”

Wọ́n jọ wọ́ àga náà kúrò. Arlys ní òun fúnra òun ni yóò ṣí àwọn yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà bí wọ́n ṣe dìde lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè yẹn. Ó ń retí pé nǹkan kan yóò ṣe òun, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ihò náà, ooru eléruku fẹ́ sí i lọ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

Nídìí oúnjẹ, ó béèrè pé, “Gaylen, ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí Norval ṣubú. Ṣé ó sọ nǹkan kan?”

Gaylen gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Ó ní kí n lọ pa ẹ̀rọ ìkórè, pé ó ń jẹ epo lásán.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Idella, ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Òun náà nìyẹn,” Arlys ní. Ó fa àwo Gaylen mọ́ra, ó sì bu ọ̀dùnkún kún un.