Àárọ̀ Tí Odó Kò Dún

Bámijókò dojú odó dé, ó gbé ọmọ odó méjèèjì ti ògiri, ó sì ti iṣu méjì bọ inú ẹyin iná.

“Ìyá Fúnkẹ́, kí lẹ dáwọ́ lé yìí?” Tíṣà Fámúyìwá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti táì lọ́rùn. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ ní Ìsẹ̀, òun náà ni yóò sì ṣe ògbufọ̀ lónìí. “Mínísítà ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ o! Ọ̀dọ̀ yín ló ní òun fẹ́ ti jẹun.”

“Uṣu ni mò ń sun.”

“Iṣu sísun? Fún mínísítà?”

“Òun náà ló jẹ níjelòó. Ó sì pọ́n ìka lá.”

Kí ẹni tí kì í ṣe ará Èkìtì má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Bí àlejò pàtàkì bá wọlé níhìn-ín tí odó kò dún, a ti bú u láìlanu. Àwọn obìnrin adúgbò yọjú, wọ́n rí odó tó dojú délẹ̀, wọ́n sì yára wọlé. Àtinúkẹ́, tí oko kòkó tirẹ̀ bá ti Bámijókò pààlà, pàápàá ní, “Má fi tèmi kún un o. N ò lè lọ sẹ́wọ̀n.”

Ọdún tí wọ́n dé Ọbabìnrin ládé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́tígírù, òyìnbó láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ni mínísítà ń jẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe mínísítà. Apá àwọn alátakò ló ń jókòó sí ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn lọ́hùn-ún. Ìjọba ń wá ọ̀nà láti bẹ́ igi kòkó nítorí àrùn, àtèyí tó ń ṣàìsàn, àtèyí tí ara rẹ̀ le tó kàn wà nítòsí rẹ̀. Pẹ́tígírù wọ oko Bámijókò, ó jókòó sórí ewé kòkó gbígbẹ, ó fi epo jẹ iṣu sísun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní bẹ́ igi tí olóko kò bá yọ̀ǹda. Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́ nígbà tó délé! Tíṣà rí i nínú ìwé ìròyìn, ó kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin jó dé ìta. Ìgbà tí ìdìbò dé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, tí wọ́n fi í jẹ mínísítà, Bámijókò ṣe ìdúpẹ́. Àṣé ọwọ́ tó fi jẹ iṣu náà ni yóò fi lu àṣẹ ìbẹ́gi lóǹtẹ̀. Ọ̀sán òní ni àwọn abẹ́gi ń bọ̀ lóko. Igi wọ̀nyẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, àwọn ló sì ń rán Fúnkẹ́ níwèé.

Ọkọ̀ dúró. Mínísítà sọ̀kalẹ̀, ó ti sanra. Ó wo iṣu sísun inú àwo, ó wo Bámijókò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mú ẹyọ kan.

“Tíṣà, bá mi bi í. Nígbà tó jókòó lápá àwọn alátakò lọ́hùn-ún, tó ní kí wọ́n má bẹ́ igi mi, ṣé ẹnu ẹlòmíràn ló fi sọ ọ́?”

“Ìyá Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́…”

“Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Tíṣà sọ ọ́, òógùn bò ó. Mínísítà gbé iṣu náà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti wọnú ìjọba a máa rí ohun tí ẹni tó wà níta kò lè rí.

“Ṣé ó rí igi mi láti ibẹ̀?”

Pẹ́tígírù yọ aṣọ ìnuwọ́ funfun, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Wí fún un pé àga rẹ̀ ló yí padà,” Bámijókò ní. “Igi mi ṣì wà níbi tó bá a.”

Bí ọkọ̀ ti ń lọ, inú ń bí i débi tí kò fi mọ bí odó ṣe wúwo tó. Ó gbé e karí, ó di oko. Nígbà tí àwọn abẹ́gi fi máa dé tàwọn ti àáké, iṣu tó sè níbẹ̀ ti jinná, ó sì ti ń gúnyán lábẹ́ igi kòkó tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko.

“Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀,” ni ọ̀gá wọn wí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá gúnyán tán.”

“Ìgbà wo lẹ máa gún un tán?”

“Uṣu pọ̀ lóko.”

Wọ́n jókòó sórí àáké wọn, wọ́n ń wò ó. Ó ń gún un, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó mọ̀ pé apá òun kò lè gbé e di alẹ́. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ó dá ọmọ odó dúró.

Síbẹ̀ odó ń dún.

Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń hó. Ọ̀gá àwọn abẹ́gi náà ti dìde, ó ń wo apá ibi tí oko Àtinúkẹ́ wà. Òmíràn tún gbà á lókè odò, òmíràn sì tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Pẹ́tígírù ti kọ́kọ́ wá ló ti ń fetí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò sì rántí rí pé oko Àtinúkẹ́ súnmọ́ tó báyìí. Ó tún ọmọ odó gbé.