Ìlà Ara Òkúta Ìfọṣọ

Bí Alágbàfọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ a máa hó bí ọṣẹ. Ẹni tó bá bá a jiyàn, yóò fọ onítọ̀hún, yóò fún un, yóò sì sá a sóòrùn. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò lè wọlé, tó gbé òòlù dání bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Orí òkúta tí wọ́n ní kó wá fọ́ gan-an ni Alágbàfọ̀ jókòó sí.

Òkúta pẹlẹbẹ ni, ó yọ láti inú ilẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ògiri sì jókòó lé e lápá kan. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní ìlà tó tò tẹ̀lé ara wọn bí iwájú orí arúgbó tó ń ronú. Orí ìlà yìí ni ìyá Alágbàfọ̀ ti fọ aṣọ aráyé títí ó fi kú, tí ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Kò sí oníbàárà tí kò tíì gbọ́ ọ rí: "Ẹ rí ìlà yìí? Ọwọ́ ìyá mi ló gbẹ́ ẹ. Aṣọ ló fi gbẹ́ ẹ."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pe bíríkìlà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń tà, àdúgbò sì ti sọ ọ́ ní Ìrọ̀rùn, torí kò lè lanu kó má dárúkọ ìrọ̀rùn. Ó ti gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní ibi tí òkúta wà ló tọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ìrọ̀rùn ni mo gbé wá."

"Gbé ìrọ̀rùn rẹ rù."

"Ẹ̀yìn ń dùn yín."

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ ni? Ọwọ́ ìyá wa ló wà lára òkúta yìí. Ẹni tó bá fọ́ ọ, ọwọ́ ìyá wa ló fi òòlù lù."

Ìrọ̀rùn mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ìyá wa ló ṣe ìlà yìí, kí bíríkìlà máa lọ sílé. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ ó dìde. Ẹ jẹ́ ká pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Òkúta."

Ọmọ Alágbàfọ̀ obìnrin nìyẹn, tó ń kọ́ nípa òkúta nílé ẹ̀kọ́ gíga, tó wálé wá lo ìsinmi. Ó wà nínú yàrá, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má pe òun. Wọ́n pè é.

"Sọ fún àǹkù rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló gbẹ́ ìlà yìí?"

Ọmọ wolẹ̀. "Màmá mi, omi ni."

"Omi wo? Omi ẹ̀rọ?"

"Omi odò, nígbà tí èèyàn kankan ò tíì sí láyé. Abẹ́ omi ni ibí yìí wà. Omi ń ti iyanrìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ́ jọ ní ìlà-ìlà, bẹ́ ẹ ṣe ń rí i létí odò títí dòní. Ẹrẹ̀ wá rọra bò ó, iyanrìn mìíràn tún bo ẹrẹ̀, ìpele lórí ìpele, bíi aṣọ tí ẹ ká sínú àpótí. Tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tó ń jò gba àárín wọn kọjá wá fi ohun tó dà bíi símẹ́ǹtì lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di òkúta. Ìgbà tó yá, ilẹ̀ gbé e sókè, òjò àti atẹ́gùn sì bó tòkè kúrò."

Wọ́n ní omi tó bá ṣàn lọ kì í bojú wẹ̀yìn. Èyí ò bojú wẹ̀yìn lóòótọ́, àmọ́ ó fi ìlà sílẹ̀.  Alágbàfọ̀ dìde, torí ọ̀rọ̀ lọ̀rọ̀ ń jẹ́.

"Bíríkìlà, ó yá," ni Ìrọ̀rùn wí.

Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó nàka sí ìlà kan tó yàtọ̀, tó lọ́ wínníwínní kọjá lórí àwọn yòókù. "Ṣé omi náà ló fi ìṣó ha èyí?"

Ojú Ìrọ̀rùn korò. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Alágbàfọ̀ ló sọ fún ìyá wọn pé ìṣó ọwọ́ àbúrò òun ló ha òkúta. Ìyá na ọmọ náà, gbogbo àdúgbò gbọ́. Títí di òwúrọ̀ yìí ni Ìrọ̀rùn ṣì ń sọ pé òun kọ́.

Ọmọ kúnlẹ̀ wò ó. "Màmá mi, ìṣó kọ́. Ẹ̀dá kékeré kan bí ekòló ló wọ́ kọjá kí iyanrìn tó di òkúta."

"Ekòló?"

"Ẹ wò ó, nídìí ògiri, ó wọ abẹ́ ìpele òkè lọ. Ìṣó wo ló lè débẹ̀? Bíríkìlà, ẹ bá mi ṣí i díẹ̀."

Bíríkìlà fi òòlù kan etí òkúta jẹ́jẹ́. Ìpele tín-ín-rín kan ṣí bí ìdérí ìkòkò. Ipa náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń lọ́ lọ bó ṣe wù ú.

Ìrọ̀rùn kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tuntun. "Ekòló jẹ gbèsè, èmi ni wọ́n fi ẹgba bá wí." Ẹ̀rín gbé e, omijé sì tẹ̀lé ẹ̀rín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Àyà ni òtítọ́ yìí fi wọ́ wá, síbẹ̀ ó dé.

"Ṣé kí n fọ́ ọ báyìí?" ni bíríkìlà bi í.

"Fọ́ kí ni? Ẹlẹ́rìí mi lo fẹ́ pa?"

"Ìrọ̀rùn tí o gbé wá ńkọ́?" ni Alágbàfọ̀ wí.

"Yóò dúró lẹ́bàá yàrá. N ó fa ọ̀pá omi débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ná."

"Ekòló ló ṣẹ̀ ọ́. Lọ bá ekòló." Ó padà jókòó, ó sì rọra fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀. "Ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ojú mi ló parí ìyókù. Má bínú."

Ọwọ́ rẹ̀ kejì bọ́ sórí òkúta, níbi tó máa ń gbé aṣọ lé. Ó ń dán bí àwo. Ó na ọwọ́ dé ìdí ògiri: ìlà ibẹ̀ mú, ó ga. Ó tún padà sáàárín.

"Ọmọ mi, bómi bá ṣe ìlà, ta ló nù ún kúrò níbí?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà ni. Àti ẹ̀yin."

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan gbé aṣọ wá. Alágbàfọ̀ ò jẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ rí ìlà yìí? Omi ló ṣe é. Ẹ wá fọwọ́ kan ibi tí ìyá mi ti bá omi jà, tó sì là á mọ́lẹ̀."

Ìrọ̀rùn yọrí lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, níbi tó ti ń fa ọ̀pá omi. "Ẹ sọ ti ekòló fún wọn."