Bàbá Mi Ń Ti Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè

Ọ̀nà Faransé ni, mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ilé wa ló wà lórí ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ọ̀nà tí mò ń gbà níbí ni wọ́n da ọ̀dà sí, títí kan èyí tí màlúù nìkan ń gbà. Àmọ́ lójú àlá kan tí mo lá, erùpẹ̀ pupa ń kù lábẹ́ táyà mi, igi ṣàtéènì tò sọ́tùn-ún sósì, àwọn igi tí èso wọn ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀ yẹn, wọ́n dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ò kàn án. Kò sí ẹyẹ. Kò sí atẹ́gùn. Ewé ń já bọ́, kò sì balẹ̀.

Mo wá rí pátákó kékeré kan, èyí tí wọ́n máa ń ya kẹ̀kẹ́ sí láti júwe ọ̀nà fún àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ kiri inú igbó. Ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i: A Ń LẸ TÁYÀ NÍBÍ.

Ọwọ́ bàbá mi ni. 

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí bàbá mi jẹ́ ná, n ó padà sórí àlá. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe ní ìlú wa ní Èkìtì. Òkè ló yí wa ká, igbó ló bo òkè. Nígbà tí mo wá dé ìlú kékeré tí mo wà ní Faransé yìí, tí mò ń ran tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, tí mo rí òkè, tí mo tún rí igbó, kẹ̀kẹ́ àlòkù ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rà. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mò ń so fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí n ó pè wọ́n, tí n ó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n.

"Ìbídùn, ṣé kò sí èèyàn nílùú òyìnbó ni?"

"Wọ́n wà nílé, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń jẹun."

"Látàárọ̀?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi húkọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀nà ń gòkè, wọ́n á ní, "Ó tó. Ẹni tó ń gun òkè kì í sọ̀rọ̀. Fi èémí ẹ gùn ún. Tó o bá dé orí ẹ̀, pè mí."

Ìyẹn kan. Ìkejì ni bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù. Tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù tá à ń pè ní sọlúṣọ̀n pa ojú ihò, wọn kì í lẹ pátì rọ́bà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Bàbá mi ò sì ní aago. Oríkì ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ka àkókò. Wọ́n á kì ẹ́ láti orí ẹ dé orí bàbá tó bí bàbá ẹ, tí oríkì bá parí, sọlúṣọ̀n ti gbẹ nìyẹn. Àwọn èèyàn mìíràn, táyà wọn ò tiẹ̀ jò, wọ́n kàn fẹ́ kí Bàbá kì wọ́n ni. Èmi náà, mo ti fi abẹ́rẹ́ gún táyà mi rí. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kì mí náà ni.

Ó dáa. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, mo wà láàárín òkè kan nígbà tí fóònù dún. Bàbá ni. Mo wò ó, mi ò gbé e. Mo ní tí mo bá dé orí òkè n ó pè wọ́n, òfin tiwọn ṣáà ni. Mo dé orí òkè o. Mo ya fọ́tò odò, mo ya fọ́tò ìkùukùu, mo jẹ bisikíìtì, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Jọláadé, àbúrò Bàbá, ló pè mí. Wọ́n ti bá òkú Bàbá lórí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó sí, fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

Oṣù mẹ́ta rèé. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ láyé yìí: kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi?

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí ṣọ́ọ̀kì yẹn lójú àlá, mi ò bẹ̀rù. Inú mi dùn. Mo sáré. Wọ́n wà lábẹ́ igi ṣàtéènì lórí àpótí yẹn náà, bàsíà búlúù tó ti họ lẹ́nu wà níwájú wọn pẹ̀lú omi. Wọn ò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ò o. Gbé e wá."

Mo gbé kẹ̀kẹ́ fún wọn. Wọ́n yọ túùbù, wọ́n tì í bọ omi. Omi ò hó rárá. Wọ́n mi orí, wọ́n gbé túùbù sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n dijú, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ihò bá kéré jù fún omi.

"Òun nìyí," wọ́n ní. Ohùn wọn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ń mí sí mi lára."

Wọ́n fi sáńpépà ha á. Wọ́n fi sọlúṣọ̀n pa á. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, mo ń retí oríkì mi. Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe máa ń yanu sílẹ̀ de ṣíbí.

"Bàbá, ẹ kì mí."

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́?"

Mo wo kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe tèmi. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tiwọn ni, èyí tí béèlì ẹ̀ ti yadi látìgbà tí mo ti gbọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ là ń kì. Kì mí kó gbẹ, Àwẹ̀ró. Mò ń lọ."

Mo la ẹnu. "Àjàmú..." Ó tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tán! Mo wá inú mi títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n kì télọ̀, tí wọ́n kì pásítọ̀, tí wọ́n kì olè kan tó jí kẹ̀kẹ́ gbé wá. Mi ò gbọ́ kẹ́nì kan kì wọ́n rí, torí àwọn ni ẹnu tó ń kini. Èmi náà ò sì béèrè rí lọ́jọ́ kan.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo rò pé sọlúṣọ̀n ò ní mọ̀. "Àwẹ̀ró, ọmọ agbórí-àpáta-rẹ́rìn-ín, ọmọ ìrì tó sẹ̀ tí kò fi wá sílẹ̀..."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tìẹ nìyẹn. Ṣé oríkì ẹ lo fẹ́ fi lẹ táyà mi?"

Sọlúṣọ̀n ń dán, ó tutù minijọ. Wọ́n lẹ pátì mọ́ ọn, pátì yọ̀ bí ilá. Wọ́n tún lẹ ẹ́. Ó tún yọ̀. Wọn ò bínú o, èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n kàn nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n ki túùbù jíjò padà sínú táyà, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ lọ sókè. Táyà ń dún pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, nínú erùpẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé béèyàn bá rí òkú lójú àlá, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé wọn. Mo ń sáré, mo ń ké, "Bàbá! Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? Kí lẹ pè mí fún?"

Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ń gun òkè kì í sọ̀rọ̀.

Mo wo iwájú kí n lè rí ibi tí òkè parí sí, kí n lè dúró dè wọ́n níbẹ̀. Kò parí. Igi ni, igi, igi, ọ̀nà ń gòkè láàárín wọn.

Mo jí. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, mo ti sùn lọ lórí àga. Kẹ̀kẹ́ mi fara ti ògiri, táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ látoṣù mẹ́ta, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo pe Àǹtí Jọláadé, mi ò tiẹ̀ kí wọn.

"Àǹtí, ẹ kọ́ mi ní oríkì Bàbá."

"Kí ló dé? O rí wọn lójú àlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Wọ́n fún ẹ lóúnjẹ?"

"Rárá."

"Wọ́n ń bínú?"

"Wọn ò bínú. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ni. Táyà ti jò."

Ohùn Àǹtí yí padà. "Ìbídùn, ìyá wa ló mọ̀ ọ́n. Bùọ̀dá mi ni wọ́n sì ń jí kì láràárọ̀, oorun ni èmi máa ń sùn. Ìlà méjì ni mo mọ̀."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Ta ló kù?"

Mo kọ ìlà méjèèjì sẹ́yìn ìwé ilé ẹ̀kọ́. Mo tú túùbù kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́, ihò ẹ̀ mí sí mi lára. Mo ha á, mo fi sọlúṣọ̀n pa á. Mo kì Bàbá.

"Àjàmú, ọmọ a-rìn-má-ṣubú lójú ọ̀nà yíyọ̀. Ọmọ ẹni tí òkè rí, tó yà fún."

Mo fi ìka kàn án. Kò tíì gbẹ. Mo tún un kì. Mo tún un kì. Sọlúṣọ̀n tibí á gbẹ láìpẹ́, mo mọ̀. Tọ̀hún ni mi ò lè fọwọ́ kàn.