Àwọ̀ Tí Bọ́tìnì Ń Wọ̀ Tí A Bá Tẹ̀ Ẹ́

Kí n pa á rẹ́. Ṣebí iṣẹ́ ni. Kí n pa á rẹ́, kí n dìde, kí n máa lọ sílé... àmọ́ ìka mi ti wà lórí kọ̀ǹpútà látàárọ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Kó tó di aago mẹ́rin," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo orúkọ yẹ̀yẹ́ tí olóògbé fún àwọn àwọ̀ yẹn, ẹ yọ wọ́n. Ẹ fi nọ́ńbà sí i."

Àwọ̀ kìíní. Àwọ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n — bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pè é nìyẹn — kì í fún àwọ̀ ní nọ́ńbà. *ewe-to-n-gbe. baagi-iya-mi. tii-ana.* A óò tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ á jáde.

Bọ́tìnì yìí náà, òun ló ṣe é. Ẹyọ kan péré. "Àbúrò, jẹ́ ká ṣe é kó dáa lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń ṣe fáwọn oníbàárà máa rí i lò." Igba ojú-ewé ó lé ló ń lò ó. Yí igun rẹ̀ padà níbí, igba igun á yí padà lọ́hùn-ún.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì tún...

Àwàdà ni. Ẹ̀gbọ́n lọ fọwọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí, mo bá jókòó síbẹ̀. Inú bọ́tìnì yẹn ni mo kọ ìlà kan sí, irú èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń fò, tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ló ń kà á: Bọ́tìnì yìí dà bí orí ọ̀gá. Ó rí róbótó, ó ń dán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dọ̀la, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀.

Ó dùn. Kí n má parọ́, ó ṣì ń dùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan — igba ojú-ewé sì gbé e. Oníbàárà kan yẹ ẹ̀yìn ojú-ewé tirẹ̀ wò, níbi tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń wà, ó bá orí ọ̀gá níbẹ̀. Ó yẹ òmíràn wò. Orí ọ̀gá.

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí? Orúkọ yín ló wà níbẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n wo ìlà náà. Ó wo... ṣé èmi ló wò? Fèrèsé wà lẹ́yìn mi. Ó lè jẹ́ fèrèsé.

"Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Èmi wúkọ́. Gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Wọ́n gba ipò olórí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ lọ sẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní n ó sọ fún un lọ́jọ́ Ajé. Mo tún ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé kan la dé ibi iṣẹ́, ni ìyàwó rẹ̀ bá pè, pé kò jí...

Bóyá kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi. Bóyá ó rò pé òun fúnra òun ló kọ ọ́ lójú oorun.

Mélòó ló kù? Ẹyọ kan, èyí tí ìka mi dúró lé látàárọ̀. Àwọ̀ tí bọ́tìnì ń wọ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́, bí eérú, kó tó padà sí bó ṣe wà. Láìfàmì sí i, bíi ti àwọn yòókù:

*mo-mo-pe-iwo-ni*

Mo mọ̀ pé ìwo ni. Ìwo. Ti màlúù. Ó kúkú jọ àwọ̀ ìwo, àbí? Ó dúdú díẹ̀, ó funfun díẹ̀... Ìwo ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìwo.

Ọjọ́ tó kọ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tábìlì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tán.

Kì í ṣe ìwo.

"Ẹ̀yin" ni gbogbo wọn ń pè mí níbí, títí kan ọ̀gá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní "ìwọ".

Ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì yẹn, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́... ó ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ sí mi lójú, á sì padà sí àwọ̀ rẹ̀, á dákẹ́. Bí òun náà ṣe dákẹ́.

Àwọ̀ kẹsàn-án ló yẹ kí n kọ síbẹ̀. Mo gbé máòsì lọ sórí bọ́tìnì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó di eérú. Tí mo bá gbé ìka kúrò, á padà. Mi ò gbé e kúrò.

Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.